Bí Ọmọ Àgbẹ̀ Bá Fẹ́ Di Dókítà Ẹranko: Ẹ̀kọ́ Wo Ni Kó Mú?

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wa bá àwọn àgbẹ̀ àti òbí sọ níbi ìpàdé oṣooṣù)

  

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí ìpàdé wa ti mọ́ lára ń retí kí n sọ̀rọ̀ lórí ajílẹ̀, tàbí lórí kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo. Ìyẹn ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Lónìí, ọ̀rọ̀ ọmọ ni mo gbé wá. Kò kúkú jìnnà sí oko, torí inú ọgbà ẹran ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ìparí ọdún tó kọjá, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, bàbá kan nínú ẹgbẹ́ wa tẹ̀ mí láago. Abo màlúù rẹ̀ ti ń rọbí láti ìrọ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ ọmọ kan ṣoṣo ló yọ, orí ò yọ. Mo gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí, n kì í ṣe ọ̀lẹ. Mo lè fún ẹran ní oògùn aràn, mo lè kọ́ yín bí a ṣe ń po oúnjẹ ẹran. Ṣùgbọ́n kí n ti ọwọ́ bọ inú abo màlúù kí n yí ọmọ padà, wọn ò kọ́ mi, òfin ò sì fún mi láyè. Dókítà ẹranko tó sún mọ́ wa jù lọ, ó lé ní wákàtí méjì kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. A pè é. Ìdájí ló dé. Ó wọ ìbọ̀wọ́ tó gùn dé èjìká, ó fi omi ọṣẹ fọ ìdí màlúù náà, ó ti ọmọ padà sínú díẹ̀, ó wá orí rẹ̀ kàn, ó tò ó, ó wá rọra fà á jáde. Ọmọ ti kú. Ìyá yè. Bàbá náà dúpẹ́ bí ẹni pé méjèèjì ló yè, torí ó mọ iye tí abo màlúù jẹ́ lọ́jà báyìí.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ló bá wa di iná tọ́ọ̀ṣì mú láti alẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò tòògbé, kò sì sá fún ẹ̀jẹ̀. Bí dókítà ṣe ń fọ ọwọ́, ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni èèyàn ń kà kí ó tó lè ṣe báyìí?” Dókítà bi í pé kíláàsì wo ló wà, kí sì ni àwọn ẹ̀kọ́ tó mú. Ó ní òun wà ní SS 1. Ó ka àwọn ẹ̀kọ́ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Biology wà níbẹ̀, Chemistry wà níbẹ̀, Agric wà níbẹ̀. Physics ò sí níbẹ̀. Dókítà mi orí, ó yíjú sí mi. Èmi wolẹ̀, torí ọ̀rọ̀ náà bá mi níbi tó ti ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín. Èmi tí mo dúró níwájú yín yìí, dókítà ẹranko ni mo fẹ́ dà. Ìyá mi ń sin ewúrẹ́. Nígbà tí mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kàtà wọlé, ewúrẹ́ mọ́kànlá ló kú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, a ò sì rí ẹni kankan pè. Láti ìgbà náà ni mo ti pinnu. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé SS 1, ilé-ìwé wa ò ní tíṣà Physics. Olùkọ́ kan tó fẹ́ràn mi gan-an ní, “Ìwọ tó o fẹ́ máa tọ́jú ẹran, mú Agric. Kí lo fẹ́ fi Physics ṣe? Ṣé iná mànàmáná lo fẹ́ máa tún ṣe ni?” Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo gba A1 nínú Agric. Nígbà tí JAMB dé, mo tún mú Agric kan náà, pẹ̀lú Biology àti Chemistry. Máàkì mi dára, àwọn ará ilé ti ń pè mí ní dókítà. Ọjọ́ tí wọ́n pè wá fún àyẹ̀wò ìwé, obìnrin tó wà nídìí tábìlì wo èsì mi lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, “Physics rẹ dà?” Ó bá gbé ìwé mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, bàbá mi ta iṣu, mo fi owó rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC ti aládàáni nítorí Physics yìí. Kò sí ẹni tó kọ́ mi. Èmi nìkan ni mo ń dá ìwé kà lábẹ́ igi. D7 ni mo gbà. Bí mo ṣe gba kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ nìyẹn, mo ṣe OND, mo ṣe HND. N kò kábàámọ̀ iṣẹ́ tí mo ń ṣe láàárín yín. Ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ tí màlúù yẹn ń rọbí, mo kábàámọ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ inú ọ̀rọ̀ gan-an. Orúkọ àwọn ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, bó ṣe wà nínú ìwé ìdánwò ni mo ń pè é, kí ẹ lè mú un lọ bá tíṣà láìsí àṣìgbọ́.

Veterinary Medicine ni orúkọ ẹ̀kọ́ tó ń sọ ènìyàn di dókítà ẹranko. Ọdún mẹ́fà gbáko ni. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ ọ láti àwọn ọdún 1960. FUNAAB ní Abẹ́òkúta ń kọ́ ọ, Yunifásítì Ìlọrin náà ń kọ́ ọ. Ó wà ní Zaria, ní Nsukka, ní Maiduguri, ní Sókótó àti ní àwọn ibòmíràn. Ìgbìmọ̀ kan wà tí à ń pè ní VCN, àwọn ló ń yẹ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà wò, àwọn náà ló sì ń forúkọ dókítà sílẹ̀ nígbà tó bá jáde. Ilé-ẹ̀kọ́ tí VCN ò bá fọwọ́ sí, ẹ má kó owó yín síbẹ̀, bó ti wù kí gèètì rẹ̀ lẹ́wà tó.

Kí ọmọ tó wọlé, kírẹ́díìtì márùn-ún ni kó ní lọ́wọ́ nínú WAEC tàbí NECO: English Language, Mathematics, Biology, Chemistry àti Physics. Ohun tí à ń pè ní kírẹ́díìtì ni A1 títí dé C6. D7 àti E8 ń sọ pé ọmọ ò fìdí rẹmi ni, wọn ò ṣílẹ̀kùn yunifásítì fún ẹ̀kọ́ tó jẹ́ dandan. Mo rí àwọn òbí tó pa adìẹ nítorí D7. Ẹ má bínú pé mo ní kí ẹ dá adìẹ náà padà sí àgò.

Nínú ìdánwò JAMB, ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni ọmọ ń ṣe. English jẹ́ dandan fún gbogbo ènìyàn. Mẹ́ta tó kù, kí ọmọ yín mú Biology, Chemistry àti Physics. Ẹ máa gbọ́ pé àwọn yunifásítì kan gbà kí ọmọ fi Mathematics dípò Physics nínú JAMB. Òótọ́ lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. JAMB lọ́tọ̀, WAEC lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá gbà kí ọmọ má ṣe Physics ní JAMB, wọn ò tíì sọ pé kó má ní in nínú WAEC. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta tí mo kà yìí ló fọkàn ẹni balẹ̀ jù, torí ìyàtọ̀ yòówù kó wà láàárín yunifásítì kan àti èkejì, ẹni tó bá mú wọn ti wà ní ojú ọ̀nà. Bí ọkàn ọmọ bá sì yí padà lọ́la, tó ní dókítà ènìyàn lòun fẹ́, tàbí nọ́ọ̀sì, àwọn mẹ́ta kan náà ni.

Agric ńkọ́? Ẹ̀kọ́ tó dára ni, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, òun ló ń bọ́ mi. Kí ọmọ mú un kún un. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹ bá ti rí i tí wọ́n kọ “Biology tàbí Agric”, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀kan ń rọ́pò èkejì níbẹ̀ nìkan. Agric kì í rọ́pò Physics. Ẹni tó bá mú Biology àti Agric pọ̀ sí JAMB, bí ẹni tó kó ẹṣin méjì wá tí kò gbé gàárì ni. Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn.

Bàbá kan béèrè lọ́wọ́ mi níbi ìpàdé ìgbà kan pé kí ni Physics wá jẹ mọ́ màlúù. Ìbéèrè gidi ni, torí ọmọ tí kò bá mọ ìdí tó fi ń kọ́ nǹkan, kò ní í fọkàn sí i. Ẹ rántí dókítà tó gbẹ̀bí màlúù lóru yẹn. Kò kàn fà. Ó kọ́kọ́ ti ọmọ padà kí àyè lè wà, ó wo ibi tí ọ̀nà ìbí dojú kọ, lẹ́yìn náà ló tó fà á, ó sì ń fà á lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ ṣe ń jáde. Ẹ̀yin ọkùnrin mẹ́fà tí ẹ máa ń so okùn mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ tí ẹ ó máa wọ́ ọ tààrà, agbára yín pọ̀ ju ti obìnrin náà lọ, ṣùgbọ́n òun ló mọ ibi tó yẹ kí agbára gbà. Physics nìyẹn. Bí ooru ṣe ń pa adìẹ nínú ilé tí afẹ́fẹ́ ò ti ráyè kọjá, Physics ni. Ìdí tí abẹ́rẹ́ àjẹsára lúkúlúkú fi gbọ́dọ̀ wà nínú yìnyín láti ìlú títí dé ọgbà yín, Physics wà nínú rẹ̀. Ká má tíì sọ ti fọ́tò egungun.

Ti Mathematics, ojú yín ló wà. Ẹ mọ ivermectin, abẹ́rẹ́ tó ń pa aràn àti ìdin ara. Èyí tó jẹ́ 1%, mílílítà 1 ni fún màlúù tó wọn kílò 50. Ẹlẹ́dẹ̀ ńkọ́? Mílílítà 1 fún kílò 33. Ewúrẹ́ yín tó wọn kílò 25, bí dókítà bá ní kí ẹ fún un ní abẹ́rẹ́ náà ní ìwọ̀n ti màlúù yẹn, ìdajì mílílítà ló máa jẹ́. Mo ti bá abẹ́rẹ́ mílílítà 3 lọ́wọ́ ẹnì kan tó fẹ́ gún ewúrẹ́ kékeré, ó ní kí ó lè tètè ṣiṣẹ́ ni. Ọmọ tí kò bá lè pín nǹkan ní ìdá bẹ́ẹ̀, kó má sún mọ́ ilé oògùn. Chemistry ló ń sọ ìdí tí oògùn apakòkòrò tí ẹ dà sórí ìgbẹ́ adìẹ kì í fi ṣiṣẹ́: ìgbẹ́ náà ló ń gba agbára rẹ̀ kí ó tó kan kòkòrò. Ti Biology kò gba àlàyé. Àrùn ẹlẹ́dẹ̀ tó wọ Òkè-Àrò ní 2020, fáírọ́ọ̀sì ló fà á, kò sì sí abẹ́rẹ́ tó ń wò ó. Ẹni tó mọ ìyàtọ̀ láàárín fáírọ́ọ̀sì àti bakitéríà kò ní í ta oògùn asán fún yín.

Ìgbà wo ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀? Kí ọmọ tó wọ SS 1 ni. Ní ọdún yẹn ni wọ́n ń ní kí ọmọ yan ẹ̀kọ́, ọ̀pọ̀ yín ò sì mọ̀ pé ọjọ́ náà ti kọjá. Ẹ lọ sí ilé-ìwé fúnra yín. Ẹ má fi rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé, “Ǹjẹ́ ọmọ mi wà nínú àwọn tó ń ṣe Physics? Ǹjẹ́ tíṣà wà?” Ìbéèrè kejì yẹn ṣe pàtàkì. Physics lè wà nínú àkọsílẹ̀ kí ó má sí ẹni tó ń kọ́ ọ. Bí ọmọ bá ti wà ní SS 2, kò tíì bàjẹ́, àmọ́ ìrìn ọ̀sán ni. Bí wọ́n bá ti forúkọ WAEC sílẹ̀ ní SS 3 láìsí Physics níbẹ̀, ó di ìdánwò mìíràn lẹ́yìn náà, owó mìíràn, ọdún mìíràn.

Nípa ọmọbìnrin tó di tọ́ọ̀ṣì mú: ní ọ̀sẹ̀ kejì, èmi àti bàbá rẹ̀ lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé wọn. Ọ̀gá náà gbà wá tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Ó ní tíṣà Physics ti fẹ̀yìn tì, wọn ò tíì fún òun ní òmíràn. Ṣùgbọ́n àgùnbánirọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń kọ́ Mathematics, ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ló kà ní yunifásítì. A bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun á máa kọ́ wọn ní Sátidé, bí àwọn òbí bá lè bá òun wá owó ọkọ̀. Ọmọ méje ló jáde. Bàbá kan ń mú iṣu wá, òmíràn ń mú gàrí. Ọmọbìnrin náà ti yí ẹ̀kọ́ rẹ̀ padà kí ó tó wọ SS 2, Physics ti wọ inú ìwé rẹ̀. Ibi tó máa já sí, n kò lè sọ. Àgùnbánirọ̀ náà máa lọ nígbà tí ọdún rẹ̀ bá pé, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹlòmíràn.

Àwọn nǹkan kéékèèké mìíràn wà. Èkíní, èsì ìdánwò ìjókòó kan tàbí méjì. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ò jọ èkejì lórí èyí, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ orúkọ yunifásítì tí ẹ fẹ́. Ìwé JAMB tó ń ṣàlàyé rẹ̀ ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, IBASS ni wọ́n ń pè é, orí fóònù lásán lèèyàn ti lè rí i. Ọdọọdún ni kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, torí wọ́n máa ń yí i padà. Èkejì, bí èsì WAEC bá jáde, ọmọ gbọ́dọ̀ rí i pé ó gòkè sórí ìkànnì JAMB. Ọmọ tó yege tí èsì rẹ̀ ò dé ibẹ̀, lójú wọn, bí ẹni tí kò ṣe ìdánwò ni.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó máa sọ pé, “Kó kọ́kọ́ wọlé pẹ̀lú Animal Science, a ó bá a yí i padà sí Vet tó bá di ọdún kejì.” Animal Science dára, ọdún márùn-ún ni, ó ń kọ́ni ní sínsin ẹran àti oúnjẹ ẹran, ṣùgbọ́n kì í sọ ènìyàn di dókítà ẹranko. Yíyí ẹ̀kọ́ padà kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi dá yín lójú, ẹni tí kò bá sì ní Physics lọ́jọ́ tó wọlé, kò tún ní in lọ́jọ́ tó fẹ́ yí i padà. Ọ̀nà Direct Entry wà fún ẹni tó bá ṣe IJMB tàbí JUPEB nínú Physics, Chemistry àti Biology, tó sì yege dáadáa. Irú wọn ń wọlé sí ọdún kejì. Síbẹ̀, wọ́n á ṣì béèrè kírẹ́díìtì márùn-ún yẹn. Àwọn yunifásítì kan máa ń wo ẹni tó ní OND tàbí HND ìlera ẹran, àwọn míì kì í wò ó rárá.

Ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà béèrè tiwọn lọ́hùn-ún. Tiwọn yàtọ̀. Ọmọ máa kọ́kọ́ lọ sí yunifásítì, á ṣe Biology, Chemistry oríṣiríṣi, Physics àti àwọn mìíràn níbẹ̀, kí ó tó wá bẹ̀bẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ dókítà ẹranko fún ọdún mẹ́rin. Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ tó ń gbà. Bí orúkọ ẹ̀kọ́ tí ọmọ ṣe ò bá dọ́gba pẹ̀lú tiwọn, kó kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ wọn kí ó tó san owó, kó sì tọ́jú èsì tí wọ́n bá kọ padà. Mà á, ẹ sọ fún un bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn lọ́jọ́ náà mú mi lójú tì díẹ̀. Ìyá àgbà kan ní, “Ìwọ náà ńkọ́, ọmọ mi? Ṣé o ti wá gbà bẹ́ẹ̀ ni?” Gbogbo ènìyàn yíjú sí mi. Mo sọ òótọ́ fún wọn: ní Sátidé, nígbà tí àgùnbánirọ̀ bá ń kọ́ àwọn ọmọ méje yẹn, ẹnì kẹjọ wà tó ń jókòó lẹ́yìn, ìwé Physics àtijọ́ rẹ̀ lọ́wọ́, irùngbọ̀n lágbọ̀n. Mo ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò aládàáni lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn ọmọ náà ń pè mí ní bọ̀dá. Ọmọbìnrin màlúù ló ń ṣàlàyé ìṣirò fún mi báyìí.

Ẹni tó bá fẹ́ kí a jọ wo ìwé JAMB, kó wá sí ọ́fíìsì wa ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kí n tó jáde lọ sí oko. Kó mú èsì JSS 3 ọmọ dání, kó sì mú ọmọ náà wá.